Ogún Fóòtì Tó Lé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Lẹ́tà dé. Bùrọ̀dá mi ń bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀, ni yóò wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló máa lò. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fẹ́ fi wá.

Mo ka lẹ́tà náà sí Màámi létí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ojú wọn ò gbé ìwé mọ́. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sí imú bí ẹni ń yẹ ọbẹ̀ wò bóyá ó ti kan, wọ́n ká a, wọ́n sì tì í bọ àyà.

"Ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ máa kọrin lọ́jọ́ tó bá wọlé," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀rọ wo, Màámi?"

"Ẹ̀rọ wo lo tún mọ̀ nínú ilé yìí?"

Ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè, tí Bàámi àti Bùrọ̀dá jọ kàn ni. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá tó ti dákẹ́, láti oṣù tí a sin Bàámi. Èmi ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàámi, èmi ni mo ń tún fáànù àti áyọ́ọ̀nù gbogbo àdúgbò ṣe, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan èyí rí.

Mo ń kọ "ó" fún ẹ̀gbọ́n mi. Màámi á bú mi bí wọ́n bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi ni èyí, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì ti jẹ "wọ́n" yẹn tán.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi ló bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ ni àbí òkú?"

"A ò tíì mọ̀," mo ní. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí i wò."

Eruku àti okùn aláǹtakùn ló kún inú rẹ̀. Àwọn fáàfù rẹ̀ ṣì wà níjòókòó, àwọn gíláàsì tó máa ń pọ́n yòò bí iná bá wọnú wọn. Nínú ìdérí, Bàámi fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀: *Iná ògiri 220. Níbí 430. Kò gbọdọ̀ kọjá 440.* Ìkọ̀wé Bàámi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí iyanrìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ibi tí Bàámi jó òjé sí láti fi lẹ wáyà hàn, ibi tí Bùrọ̀dá jó o sí náà hàn. Ti Bàámi tẹ́jú, ó ń dán. Ti Bùrọ̀dá wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Mo ti mú irin gbígbóná kí n tún un jó, mo tún gbé e sílẹ̀. Ó wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dì mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Òjò láti àárọ̀. Oníbàárà méjì péré. Mo fi àyè rẹ̀ pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ ńlá mẹ́ta tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú rẹ̀, nítorí ikùn wọn ti wú. Mo nu gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ojú rẹ̀ ti mọ́ báyìí. Kò tíì sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Mo fún un ní iná.

Mo kọ́kọ́ so gílóòbù kan ṣáájú rẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ jó má baà jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Kò jó. Fáàfù kọ̀ọ̀kan ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí. Inú mi dùn débi pé mo ń bá a sọ̀rọ̀: ó ṣeun, rọra, ó ṣeun. Mo yọ gílóòbù náà, mo gbé mítà tí a fi ń wọn iná sí ibi tí Bàámi kọ 430 sí.

479.

Mo pa á kíá. Mo gbé mítà sí ògiri. 245.

Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Nígbà tí wọ́n kàn án, fóòtì 220 ni agbára iná ògiri wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé tiransifọ́mà tuntun sí ìkóríta ni iná ti ń ya wọlé bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì yọ̀: fáànù ń yára, omi ń tètè hó. Àgbà ẹ̀rọ yìí nìkan ni kò lè bá wa yọ̀. Ó lé ní ogún fóòtì tí iná fi ju agbára rẹ̀ lọ. Bí mo bá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn fáàfù yóò jó ara wọn pa ká tó gbọ́ orin mẹ́ta.

Màámi ń tẹ́tí láti orí àga wọn. "Ṣé ó ti kọrin?"

"Kò tíì kọrin, Màámi. Iná ló pọ̀ jù fún un."

"Háà. Nǹkan rere náà máa ń pọ̀ jù?"

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá wá tiransifọ́mà kékeré kan tó ń gbé ogún fóòtì jáde, màá so ó tẹ̀lé iná ògiri, kí ogún tirẹ̀ máa ti iná náà padà sẹ́yìn. Bí ọmọdé tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni, tó ń tì í padà bí àgbà ṣe ń tì í wọlé. Kò lè dá àgbà dúró, ṣùgbọ́n àgbà ò ní lè ya wọlé bó ṣe wù ú.

Mo lọ bá Bàbá Onírin tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ẹ̀rọ. Wọn kì í ta nǹkan fún ẹni tí kò bá jókòó, torí náà mo jókòó.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi dín iná kù, Bàbá."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Gbogbo ayé ń wá iná kiri. Ìwọ ń wá ẹni tó máa bá ọ dín in kù."

Wọn ò ní i lọ́wọ́, wọ́n á wá a. Wọn ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àfi kí n bá wọn wo rédíò wọn tí kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá gbá a létí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Màámi bi mí bóyá Bùrọ̀dá ṣì ga.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Bàbá Onírin rí i. Tiransifọ́mà náà kéré ju búrẹ́dì kan lọ, ó wúwo bí òkúta. Rédíò wọn ti ń sọ̀rọ̀ láìjẹ pé wọ́n gbá a. Wọ́n ní ó ti ń ṣe àwọn bíi pé ó ṣàìsàn.

Ooru mú gan-an lónìí. Màámi ti ní kí n gbé bẹ́ẹ̀dì Bùrọ̀dá sí apá fèrèsé, wọ́n tún ní kí n gbé e padà sí apá ògiri, wọ́n wá ní apá fèrèsé ló dára.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Mo pe Bùrọ̀dá. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rọ ńlá kan ń yí gìrìgìrì.

"Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kékeré kan ni." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. "Ẹnu wáyà méjì ni tiransifọ́mà kékeré yìí ní. Tí mo bá so ó báyìí, á dín iná kù. Tí mo bá yí i padà, á bù kún un. Wọn ò sì kọ nǹkan kan sí i lára. Kí lẹ máa ń wò lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ fi ń mọ èyí tó jẹ́ èyí?"

Ẹ̀rọ yẹn ṣáà ń yí.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀," ó ní. Orúkọ tí Bàámi sọ mí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi pè mí. "Ohun tí ọwọ́ rẹ bá sọ fún ọ ni kí o ṣe."

"Ẹ̀yin ni mo bi, Bùrọ̀dá."

"Mo gbọ́. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ṣé Màámi ń jẹun dáadáa?"

Bó ṣe parí nìyẹn. Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti kọ ọ́ sí wa pé òun wà nídìí àwọn ẹ̀rọ ńlá, Màámi sì ti fi sọ̀rọ̀ dé gbogbo ojúlé: ọmọ mi wà nídìí àwọn ẹ̀rọ ńlá. Ẹni ńlá nídìí ẹ̀rọ ńlá, kò ní èsì kékeré kan fún àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí n so tiransifọ́mà, kí n fi mítà wọn ohun tó ń jáde, kí n tó so ampilifáyà mọ́ ọn. Mo ti ń sọ èyí fún àwọn ẹlòmíì láti ogún ọdún. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá ni mò ń bá jà nínú ọkàn mi láàárọ̀ yìí, mò ń sọ gbogbo ohun tí mi ò sọ lórí fóònù, ọwọ́ mi sì ti ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri.

Mo ti yí ẹnu wáyà náà padà. Dípò kí ogún yẹn máa ti iná sẹ́yìn, ńṣe ló ń tì í síwájú. Fáàfù tó wà lápá òsì tàn yàà, ó funfun bí ojú ẹni tí ẹ̀rù bà, ó dún pín, ó kú.

Mo wọn wáyà náà lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. 265.

Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó pẹ́ tó. Télọ̀ yọjú, ó rí ojú mi, ó padà lọ. Ó tún wá pẹ̀lú tíì nínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Fún Télọ̀, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Mo fẹ́ kọ ohun kan sílẹ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún tí Bùrọ̀dá lọ, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Oníbàárà kan gbé rédíò tí Bùrọ̀dá tún ṣe padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Bàámi ṣí i, wọ́n wo bó ṣe jó òjé, wọ́n wá sọ fún Bùrọ̀dá níṣojú ọkùnrin yẹn: "Ọwọ́ àbúrò rẹ ló mọ iṣẹ́ yìí. Ìwọ, ńṣe lò ń fìyà jẹ òjé." Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Inú mi ló dùn pé wọ́n yìn mí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bùrọ̀dá lọ. Wọ́n sin Bàámi, kò wá.

Láti ìgbà náà, bí mo bá jó òjé tó tẹ́jú dáadáa, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà kí n tó wo iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù kẹta

Bàbá Onírin ò rí irú fáàfù yẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Wọn ò tíì rí i. Màámi ti yan àwo orin tí wọ́n máa gbé sí i, ti ẹgbẹ́ akọrin obìnrin tí Bùrọ̀dá máa ń bá kọrin ní kékeré láìmọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo. Àwo náà ti wà lórí itan wọn láti àárọ̀. Mi ò ní ẹnu láti sọ fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Bàbá Onírin ránṣẹ́ pè mí. Mo jókòó. Wọ́n gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wé fún mi. Fáàfù ni, irú rẹ̀ gan-an.

"Níbo lẹ ti rí i, Bàbá?"

"Nínú rédíò ìyàwó mi. Láti ìgbà tó ti lọ ni mi ò ti jẹ́ kí wọ́n tú u." Wọ́n nu awò wọn, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. "Mo wò ó láàárọ̀ yìí, mo ní, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹni tó máa gbọ́ ọ ò sí. Àwọn tìrẹ ń bọ̀."

Mo ní kí n san nǹkan kan. Wọ́n ní kí n dìde lórí àga àwọn.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Iná ògiri: 244. Mo so tiransifọ́mà kékeré, mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kínní: 224. Mo yọ ọ́, mo tún un so, mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì: 224. Mo pe Télọ̀ kó wá kà á fún mi. Ó ní, "Igba ó lé mẹ́rìnlélógún. Ṣé mo yege?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbé ampilifáyà sí i. Fáàfù Bàbá Onírin pọ́n pẹ̀lú àwọn yòókù, pẹ̀lẹ́, kò sí èyí tó tàn ju èkejì lọ. Mo gbé mítà sí ibi tí Bàámi kọ nọ́ńbà sí.

438.

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sábẹ́ tiwọn. Mi ò sọkún. Ó kù díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Màámi gbọ́ ọ lónìí. Wọ́n jókòó ti sípíkà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé èjìká èèyàn. Nígbà tí orin tán, wọ́n ní, "Bàbá yín ìbá ní ó dún jù." Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni Bàámi ìbá ṣe wí.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù kẹrin

Iná fò sókè sí 251 lọ́sàn-án, pẹ̀lú atẹ́gùn líle. Mo sáré pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ti padà sí 244. Mo wá mọ̀ pé ọjọ́ tí Bùrọ̀dá bá dé, èmi ni màá jókòó ti mítà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹrin

Ó dé.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ọkùnrin gíga ni mò ń fojú wá lójú títì, mo sì jẹ́ kí ọkùnrin kúkurú kan tó gbé àpótí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó gbọ́ tó ní, "Ọwọ́ẹ̀rọ̀." Orí rẹ̀ ti pá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, bí ti ẹni tó ti gbé ẹrù púpọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú rẹ̀ kiri: iwájú orí, imú, àgbọ̀n.

"Irun rẹ dà?"

"Ó ti lọ, Màámi."

"Ta ló ní kó lọ?" Ọwọ́ wọn tún padà sí orí tó pá náà. "Ìwọ lo kúrú ni, àbí èmi ni mo ga?"

Mo tan ẹ̀rọ. 439. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, iyàrá kún. Màámi ń wo ibi tí wọ́n rò pé Bùrọ̀dá wà. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò sì padà wọlé, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí.

"Ó dára," ó ní. Ó lọ wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje àti àbọ̀. Ó dára.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù kẹrin

Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa ẹ̀rọ náà. Kò ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Ó máa ń bá Màámi rìn dé ìkóríta, ó ń bá wọn bó ọsàn, ó ń bá Télọ̀ ṣàwàdà. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á jáde. Mo ti ní i nílé, síbẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ọjọ́rú, 30 oṣù kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàámi. Fáànù kan ni mò ń tún ṣe. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi di ẹnu wáyà yìí mú, kí n jó o." Ó nawọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Awọ rẹ̀ ti bó láàárín ìka. Èékánná rẹ̀ funfun, ó rọ̀, bí ti ẹni tó ti pẹ́ nínú odò.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ọṣẹ."

"Ọṣẹ báwo?"

"Alágbàfọ̀ ni mí, Ọwọ́ẹ̀rọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò fọwọ́ kan òjé mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti jáde níbí."

Òjé ń kán sórí tábìlì, mi ò mọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí wa pé ẹ wà nídìí àwọn ẹ̀rọ ńlá."

"Ẹ̀rọ ńlá ni. Òmíì tó ìdajì ṣọ́ọ̀bù yìí." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò wá. "Mi ò purọ́. Mo sọ òótọ́ díẹ̀, mo wá dákẹ́. Nígbà tó yá, ẹ ti mú un lọ jìnnà jù fún mi láti lé e bá."

Ó ní ọjọ́ tí mo pe òun lórí ẹnu wáyà yẹn, àárín aṣọ tútù lòun dúró sí. "Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìwọ ti ń rò pé ìgbéraga ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ."

Nígbà náà ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ tí Bàámi sọ̀rọ̀ níṣojú oníbàárà."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà."

"Ẹ forí jì mí."

"Ẹ̀rín rẹ kọ́ ló lé mi." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Òótọ́ ni Bàámi sọ. Mo fẹ́ràn ibí, ìyẹn ló lé mi. Mo fẹ́ràn bẹ́ǹṣì yìí àti òórùn òjé, mo fẹ́ràn kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà níbí. Mo sì rí i pé ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dúró, ẹnu ọ̀nà ni màá ti máa wò yín."

"Ìsìnkú Bàámi ńkọ́?"

"Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti di ẹrù. Mo wá rò ó pé ẹnì kan á gbé rédíò tó ti bàjẹ́ wá bá mi, á ní, ọmọ Bàbá, ẹ wò ó fún mi. Mo tú ẹrù náà."

Mo fẹ́ bínú. Mo ti tọ́jú ìbínú yẹn fún ọdún mọ́kànlá, mo wá a, mi ò rí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó le, ó sì rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A wà bẹ́ẹ̀ títí oní-fáànù fi dé.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù karùn-ún

Mo ní, "Màámi, Bùrọ̀dá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ bá yín sọ."

Màámi ò gbójú sókè. "Ṣé ti ọṣẹ ni?"

Àwa méjèèjì wo ara wa.

"Gbogbo lẹ́tà rẹ ló ní òórùn ọṣẹ," wọ́n ní. "Láti àkọ́kọ́. Ta ló ń fi ọṣẹ tún ẹ̀rọ ṣe?"

"Ẹ ti mọ̀, Màámi?" Ohùn Bùrọ̀dá rí bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. "Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ?"

"Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀. Mò ń dúró dè ọ́ ni." Wọ́n nawọ́ wá ọwọ́ rẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n rọra ń fi àtàǹpàkò ra awọ tó bó yẹn. "Mo ṣáà ń sọ fún àdúgbò pé o wà nídìí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé o wà nídìí nǹkan kan."

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé onímọ̀ ti délé, kó bá àwọn fọ kọ́tìnnì gbogbo ilé kó tó lọ. Wọ́n ní èmi kì í fọ̀ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù karùn-ún

Oòrùn tó dára. Ó fọ kọ́tìnnì mẹ́jọ. Mi ò rí ẹni tó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀ rí: bó ṣe ń yí i, bó ṣe ń gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fi ń nà bí ẹni pé wọ́n ti lọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Mo ṣí fèrèsé, mo tan ẹ̀rọ kó lè máa gbọ́ ọ nídìí okùn aṣọ. Ó bá àwọn obìnrin náà kọrin, kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Télọ̀ kígbe láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kí ẹnì kan bá òun dín ogún fóòtì kúrò nínú ohùn yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wọlé, ó jókòó níwájú ampilifáyà, ó ní kí n fi hàn òun, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi hàn án. Ó béèrè ìbéèrè bí ẹni tí kò tijú mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù karùn-ún

Ó lọ láàárọ̀. Màámi ò bá wa dé ibùdókọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n ní àná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù karùn-ún

Kọ́tìnnì mọ́ jù. Iyàrá ń tàn.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù karùn-ún

Bùrọ̀dá pè. Èmi kọ́ ni mo pè é, òun ló pè. Ó ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán ni, kí n bi òun ní ohunkóhun tó bá wù mí.

Mo bi í níbo ló ń jókòó sí báyìí. Ó ní orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí òun dojú rẹ̀ délẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá tẹ orí díẹ̀ á rí igi kan. Mo bi í ta ló wà níbẹ̀. Ó ní obìnrin kan tó ń lọ aṣọ, tó máa ń fún òun ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀, tó sì ti ń bi òun láti àná ìdí tí ojú òun fi rí báyìí. Ó ní ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kẹrin a máa rìn kúrò láàyè rẹ̀ bó bá ń yí, àfi kí òun fi ìbàdí tì í. Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́. Mo gbọ́ ọ. Gìrìgìrì ni. A sọ̀rọ̀ títí fóònù rẹ̀ fi kú.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣàárò ẹnjiníà kan tí kò sí níbì kankan. Èyí tó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, mi ò tíì mọ̀ ọ́n pé ọ̀sẹ̀ méjì, àárò rẹ̀ sì mú mi débi pé ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́ta, mo wọlé.

Màámi gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní kí ló dé tí mo tètè ti.

Mo ní, "Bùrọ̀dá ni."

Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n sún fún mi lórí àga.